Ọmọ Ajá Tó Ń Jẹ Ìgbẹ́ Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà lókè òkun, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti béèrè lọ́wọ́ mi nípa ọmọ ajá tí ìdílé kan nínú ìjọ wa fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi nígbà tí wọ́n ń lọ sí Ìlú Ọba. Àwọn kan béèrè nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ajá. Àwọn mìíràn béèrè nítorí pé àwọn náà ti ra ajá fún àwọn ọmọ wọn ní Manchester tàbí ní Houston, wọ́n ti rí ohun tí èmi náà rí, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà: ọmọ ajá náà ń jẹ ìgbẹ́. Ìgbẹ́ ara rẹ̀ ni. Ẹ forí jì mí bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́.

Àkàrà ni orúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án tó ni ín ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọ̀ irun rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo. Àwọn àgbà wa a máa sọ ajá lórúkọ láti fi pa òwe fún aládùúgbò, bíi Ṣebótimọ, ṣùgbọ́n orúkọ tí ọmọ yìí sọ ajá tirẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni wí. Bàbá rẹ̀ ti ṣèlérí ajá fún un tipẹ́, ó sì ti san owó sílẹ̀ kí ìwé ìrìnnà wọn tó jáde. Ìwé náà àti ajá dé ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ní ìparí oṣù Kìíní.

Irú ajá tí wọ́n ń pè ní corgi ni. Ẹ̀yin tó wà ní Ìlú Ọba ti rí i nínú àwòrán Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, ẹni tí wọ́n fún ní tirẹ̀, Susan, nígbà tó pé ọmọ ọdún 18 ní 1944. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ilẹ̀ Wales ló ti wá. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kó máa da màlúù: a máa bù wọ́n jẹ ní gìgísẹ̀ kí wọ́n lè rìn, nítorí pé ó sì kúrú, ìpá màlúù kì í sábà bà á. Àwọn màlúù máa ń gba iwájú ọgbà wa kọjá ní Kubwa lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, Àkàrà sì máa ń wò wọ́n láti abẹ́ géètì bí ẹni tó rí ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ní báyìí ná, gìgísẹ̀ tèmi ló fi ń kọ́ṣẹ́.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò mú un lọ. Òfin ni. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ajá ti lè wọ Ìlú Ọba pẹ̀lú abẹ́rẹ́ nìkan, nítorí àrùn dìgbòlugi. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi microchip sábẹ́ awọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, èyí tí kò ṣeé gbà kí ajá tó pé ọ̀sẹ̀ 12. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ó kéré tán ọjọ́ 30 gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wò ó bóyá àjẹsára náà ti mú un. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì yege, oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá láti ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni Àkàrà nígbà tí bàálù ìdílé náà gbéra. Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, oṣù Keje ni yóò tó lè tẹ̀lé wọn. Oṣù márùn-ún nìyẹn, ó sì ku bí a ó ṣe gbé ara wa.

Láti Èkó ló ti wá, odidi ọjọ́ kan nínú ọkọ̀, nínú àgò tí kò lè nà sí. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbé e wá ṣe sọ, inú àgò kan náà ni òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ mẹ́rin ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò lọ́dọ̀ ọmọ tó ni ín. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó pàdánù ìyá, ó pàdánù àwọn ọmọ ìyá, ó sì kúrò nílé méjì. N kò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún ẹ̀yin tí ẹ ti sun oru àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ àjèjì.

Ó ké fún oru mẹ́rin. Mo gbé àgò rẹ̀, èyí tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi, mo sì tẹ́ ẹ̀wù àwọ̀sùn ọmọ náà sínú rẹ̀. Oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin ni ooru Abuja máa ń le jù, irun ajá yìí sì jẹ́ ìpele méjì, fún òtútù Wales. Bí iná bá ti lọ, mo máa ń fi aṣọ wé ìgò omi dídì, màá fi sí ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la máa ń jáde, torí pé bí oòrùn bá ti gbóná sí ọ̀dà títì, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá á jóná. Ní oru karùn-ún, ó sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo rí i. Ó ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó yí padà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sáré wá pẹ̀lú ayọ̀ láti lá mi lójú.

Ìròyìn kì í pẹ́ kó tó tàn nínú ọgbà wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti gba ìmọ̀ràn mẹ́rin. Ẹnì kan ní kí n bu ata gígún lé ìgbẹ́ náà. Ẹnì kan ní kí n máa fún ajá ní ọ̀pẹ̀yìnbó jẹ, pé á mú kí ìgbẹ́ náà korò lẹ́nu rẹ̀. (Bí ẹni pé adùn ló kọ́kọ́ fà á síbẹ̀.) Ẹnì kẹta ní kí n nà án, kí n sì ti imú rẹ̀ bọ ibẹ̀. Arákùnrin kẹrin, tó fẹ́ràn iṣẹ́ ìdáǹdè ju oúnjẹ lọ, ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán.

Ẹnì kan wà tí n kò lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá kan tí a jọ ń gbé inú ọgbà ní ọmọ ọdún kan ààbọ̀, èyí tó ń rìn tàgétàgé, tó ń fi ohun gbogbo sẹ́nu. Ó wá bá mi lálẹ́, ó jókòó, ó ní, "Àǹtí, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n ẹnu tó ti jẹ ìgbẹ́ kò gbọdọ̀ kan ọmọ mi. Bí ọdún Àjíǹde bá dé tí kò tíì jáwọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá a wá ilé mìíràn." Ó tọ̀nà. Aràn inú ajá máa ń yé sínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹyin náà sì lè wà nínú iyanrìn fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ kékeré ló ń fi ọwọ́ tó kan iyanrìn sẹ́nu, tí aràn náà á sì bá ibẹ̀ wọ̀ ọ́ lára, nígbà mìíràn títí dé ẹ̀dọ̀ tàbí ojú.

Nígbà tí ìròyìn náà dé Ìlú Ọba, bàbá ọmọ náà fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá wa tà á. A ò sọ fún ọmọ pé ó sá lọ." Kì í ṣe ìkà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ìyàwó rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́, ọmọ náà kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nílé ẹ̀kọ́ tuntun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn máa ń pè mí ní gbogbo alẹ́ Sátidé, mo sì mọ ohun tó máa ń béèrè kó tó kí mi pàápàá. Mo sọ fún bàbá rẹ̀ pé n kò ní tà á, n kò sì ní bá wọn pa irọ́ yẹn. Mo ní kí wọ́n fún mi títí di Àjíǹde, gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò mi ti fún mi.

Mo gbé Àkàrà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, mo sì di ìgbẹ́ rẹ̀ sínú ọ̀rá lọ́wọ́ kejì, èyí tí mo ní láti jà fún kó tó ṣẹ́ kù. Dókítà náà kò yà á lẹ́nu rárá. Ó ní ìyá ajá fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ìgbẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: á lá wọn nídìí kí wọ́n lè ṣe é, á sì gbé e mì kí ibùsùn wọn lè mọ́. Ọmọ ajá tó dàgbà nínú àgò há-há, tí ẹnikẹ́ni kì í palẹ̀ rẹ̀ mọ́, á máa ṣe bí ó ti rí ìyá rẹ̀ tó ń ṣe. Bí ebi bá wà níbẹ̀, ó di méjì. Bí aràn bá wà níbẹ̀ tó ń bá a pín oúnjẹ, ó di mẹ́ta. Wọ́n wo ìgbẹ́ náà, aràn sì kún inú rẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ajá tí mo rò pé ó ń yó ní ilé mi, aràn ló ń yó.

Wọ́n fún un ní oògùn aràn, wọ́n sì ní kó tún lò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé oògùn náà kì í pa àwọn ọmọ aràn tí kò tíì dé inú ìfun. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ sì ń yà á lẹ́nu pé aràn tún padà.

Nítorí ata àti ọ̀pẹ̀yìnbó, mo wá ìwé kà. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Califonia ní ìlú Davis tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, lẹ́yìn tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó ní ajá. Ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ajá náà ló ń jẹ ìgbẹ́ lemọ́lemọ́. Nínú gbogbo oògùn tí wọ́n ń tà pé ó ń dá a dúró, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ fún ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Wọ́n tún rí i pé ìgbẹ́ tuntun ni ajá ń fẹ́, èyí tí kò tíì ju ọjọ́ méjì lọ. Èrò wọn ni pé ìkookò, baba ńlá ajá, ló ti kọ́ ọ: ẹyin aràn kì í tètè lágbára láti ranni, nítorí náà ẹni tó bá gbé ìgbẹ́ kúrò nítòsí ibùsùn ní kíákíá, ó gba àwọn ọmọ rẹ̀ là. Kò sì sí ohun mìíràn tí ìkookò lè fi gbé e ju ẹnu lọ. Àkàrà ń ṣe ìmọ́tótó ni o.

Ohun tó kù fún mi kò ṣòro láti lóye, ó kàn ń gba àkókò ni: kí ọwọ́ mi dé ibẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń jẹun lójúmọ́, ní aago kan náà. Ọmọ ajá tó bá jẹun ní aago kan náà á máa ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ ní aago kan náà, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, àti ní kété tó bá jí. Mo so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, mo mú ẹran adìyẹ tí mo ti gé wẹ́wẹ́ dání, mo sì gbé ṣọ́bìrì kékeré lọ́wọ́ kejì. Bó bá ti ṣe tán, màá pè é, "Àkàrà, wá!", á wá, á gba ẹran rẹ̀, ṣọ́bìrì á sì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá fẹ́ yí padà, màá ní, "Fi í sílẹ̀." Bó bá fi í sílẹ̀, ó gba méjì. Ajá Wales tó ń lọ sí Ìlú Ọba, Yorùbá nìkan ló gbọ́.

N kò nà án, n kò sì pariwo mọ́ ọn. Kì í ṣe nítorí àánú nìkan. Ajá tí a bá ń nà nítorí ìgbẹ́ kì í kọ́ pé jíjẹ rẹ̀ kò dára. Ohun tó ń kọ́ ni pé ìgbàkígbà tí olówó òun bá bá ìgbẹ́ nílẹ̀, ìjà á dé. Ọgbọ́n tó bá ìyẹn mu ni kó tètè jẹ ẹ́ kí ẹ̀rí má bàa sí. Dókítà náà sọ fún mi pé òun ti rí ajá tí wọ́n nà títí tó fi ń lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí abẹ́ ibùsùn, tó sì ń jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Mállàm tó ń ṣọ́ géètì wa ràn mí lọ́wọ́ ju bí mo ti rò lọ. Kì í fẹ́ kí ajá kan aṣọ rẹ̀ kó tó kírun, Àkàrà sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, nítorí náà ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ajá yẹn. Bí ó bá ti rí i tó ń yí po bí ajá tó ń wá ibi tí yóò lò sí, á fi òkúta kan géètì lẹ́ẹ̀mẹta, èmi á sì sáré jáde. Ó tún bá mi gbẹ́ ihò kan sí igun ọgbà, ó jìn, a sì ń fi erùpẹ̀ bò ó lójoojúmọ́.

Nígbà tí mo dúró lẹ́bàá ihò yẹn ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Deutarónómì orí 23 wá sí mi lọ́kàn. Àwọn tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ á rántí pé orí yẹn kì í dùn ún wàásù. Níbẹ̀ ni Ọlọ́run ti pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì pé kí olúkúlùkù ní ohun èlò ìgbẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ohun ìjà rẹ̀, kó fi gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ibùdó, kó sì bo ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí pé Olúwa fúnra rẹ̀ ń rìn láàárín ibùdó. Ọlọ́run kò bú wọn pé ìdọ̀tí ń ti ara wọn jáde. Ó fún wọn ní ohun èlò. Ẹ wo bí a ṣe ń yára lo ajá Pétérù, èyí tó padà sí èébì rẹ̀, láti fi lu ẹni tó ṣubú! Àwọn olùkọ́ èké ni Pétérù ń bá wí, kì í ṣe ajá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ń nà ọmọ tuntun nínú ìgbàgbọ́ nítorí ohun tó kọ́ nínú àgò tó ti jáde, tí kò sì sí ẹni tó gbé ṣọ́bìrì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ ò ní gbàgbé agbo ilé. Bí ọmọ ọwọ́ bá yàgbẹ́ sílẹ̀, ṣé kì í ṣe ajá ni ìyá rẹ̀ máa ń pè? Ajá á sáré wá, ilẹ̀ á mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní pe pásítọ̀ sí i. N kò sọ pé ká padà sí i, torí aràn tí mo ti sọ. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun tó ń tì yín lójú ní Houston, ìyá ìyá yín mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó rí ìyàtọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Kuje fún iṣẹ́ ìhìnrere fún ọjọ́ méjì, ẹni tó bá mi tọ́jú rẹ̀ kò sì fẹ́ràn ṣọ́bìrì. Ó tún jẹ ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i láti orí ẹran adìyẹ wẹ́wẹ́. Nígbà tí ọdún Àjíǹde fi dé, ó ti tó ọjọ́ 17 tí kò fẹnu kàn án. Aládùúgbò mi wá sí ẹ̀yìnkùlé fúnra rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wo ihò, ó ní kó máa gbé. Kò tíì gbà kó lá ọmọ rẹ̀, èmi náà sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ọṣẹ àti omi wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé títí di òní.

Ọmọ tó ni ajá ńkọ́? Ìyá rẹ̀ gbà pé kí n sọ òótọ́ fún un, mo sì sọ ọ́ ní alẹ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹta. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Àǹtí, ṣé ó máa ń fọ ẹnu?" Ó sì bú sẹ́rìn-ín, títí tí ìyá rẹ̀ fi ti yàrá kejì wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti lẹ ìwé kan mọ́ ògiri yàrá rẹ̀. Gbogbo Sátidé ló ń béèrè iye ọjọ́ tí Àkàrà kò jẹ ìgbẹ́, á sì kọ ọ́ síbẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé ó tún jẹ ẹ́ nígbà tí mo rin ìrìnàjò, ó ní kí n má bínú sí i, pé ó ṣeé ṣe kó rò pé n kò ní padà wá. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ó ti mú ìwé náà lọ han ọmọ kan nílé ẹ̀kọ́, ọmọ yẹn náà ní ajá, àwọn méjèèjì sì ti ń jẹun ọ̀sán pọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yege. A gbà á ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, nítorí náà ọ̀nà ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Ohun tó kù ni oògùn aràn pẹlẹbẹ, èyí tí dókítà gbọ́dọ̀ fún un láàárín wákàtí 24 sí 120 kó tó wọ Ìlú Ọba, àti àgò ìrìnàjò tó lè dìde dúró, kó sì yí po nínú rẹ̀. Mo ti ń fi oúnjẹ sínú àgò náà fún un kó lè mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ tó pé. Kìlógíráàmù mẹ́sàn-án ló wọ̀n ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. Mo ti ní kí bàbá ọmọ náà ra ọ̀rá sílẹ̀, nítorí pé wọ́n ń gba owó ìtanràn níbẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá kó ìgbẹ́ ajá rẹ̀ nílẹ̀, ó sì fèsì pé ọmọ náà ti ra tirẹ̀ pẹ̀lú owó ọwọ́ rẹ̀, aláwọ̀ osùn.